Ahoro Ìlú Awakùsà Tó Di Ibi Ìsinmi Olówó: Ohun Tó Wà Nídìí Àríyànjiyàn Náà ní Colorado

Ní igun gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, abúlé kan wà láàárín àwọn òkè San Juan tí gbogbo ilé inú rẹ̀, láti orí ilé ọtí dé orí ilé ìwẹ̀, jẹ́ ti ilé ìtura kan ṣoṣo. Dunton ni orúkọ rẹ̀. Gíga rẹ̀ sí ìtẹ́jú òkun ju ẹsẹ̀ bàtà 8,500 lọ, igbó ìjọba àpapọ̀ ló yí i ká, ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí ló sì ń gbéni débẹ̀. Ọdún 1885 ni àwọn awakùsà tẹ ibẹ̀ dó, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1918, wọ́n ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, abúlé náà sì ti di ahoro. Ní 1994, Christoph Henkel, tó wá láti ìdílé oníṣòwò ńlá kan ní Jámánì, àti Bernt Kuhlmann, alábàáṣe rẹ̀, ra ahoro náà, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àlejò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sùn nínú ọ̀kan lára àwọn ahéré onítì igi tó wà níbẹ̀ lónìí yóò san ju 1,000 dọ́là lọ fún òru kan. Oúnjẹ wà nínú owó náà, omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ òkè náà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Nínú ilé ọtí abúlé náà, káńtà onígi gígùn kan wà tí àwọn tó ti kọjá níbẹ̀ fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ wọn sí lára. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà ni Butch Cassidy, gbajúmọ̀ adigunjalè ìgbà náà. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, bóyá ọ̀mùtí kan ló fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, kò sí ẹni tó lè búra sí i. Èyí tó dájú ni pé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1889, òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ja báǹkì San Miguel Valley lólè ní Telluride, ìlú awakùsà tó wà lódì kejì òkè náà, wọ́n sì kó ju 20,000 dọ́là lọ. Àlejò tó bá fi ìka kan orúkọ náà lórí káńtà gbà pé ọwọ́ òun ti kan ìtàn. Irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Dunton nìkan kọ́ ló ń ta ọjà yìí. Láti Colorado dé Utah dé California, àwọn ìlú tí kùsà dá sílẹ̀, tí kùsà sì pa, ti ń jí dìde gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀. Awuyewuye tó ń bá a rìn kì í tán nílẹ̀. Àwọn kan ní bí kì í bá ṣe ti owó àwọn ọlọ́rọ̀ wọ̀nyí ni, gbogbo ilé náà ì bá ti wó lulẹ̀ tipẹ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń fi ìtàn àwọn tálákà ṣe ọ̀ṣọ́ fún àwọn tí kò fẹ́ mọ bí tálákà ṣe ń gbé. Òótọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí àwọn méjèèjì ń fò kọjá ni pé ilé kọ́ ni ìlú. Igi àti òrùlé ni wọ́n ń tún ṣe níbi wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn tó ń sọ ilé di ìlú, àti ilẹ̀ àti omi tí ìwakùsà bà jẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. Kí èyí tó lè yé wa, a ní láti mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan fi lè ra odindi abúlé láàárín igbó ìjọba.

Àwọn ènìyàn Ute, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ni àwọn òkè náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìròyìn wúrà àti fàdákà tàn ká, tí àwọn awakùsà sì ń wọ́ wọ ilẹ̀ wọn láìgbàṣẹ, ìjọba àpapọ̀ kò lé àwọn awakùsà; ìwé àdéhùn ló gbé wá fún àwọn Ute. Ní 1873, Felix Brunot, aṣojú ìjọba àpapọ̀, bá Ouray àti àwọn olórí Ute yòókù jókòó, àdéhùn tí wọ́n ṣe, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí ní 1874, sì gba ilẹ̀ òkè San Juan kúrò lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ tó súnmọ́ mílíọ̀nù 4 éékà, pẹ̀lú ìlérí 25,000 dọ́là lọ́dọọdún. Kókó kan ṣoṣo ni àwọn Ute dì mú nínú rẹ̀: pé wọ́n á lè máa ṣọdẹ lórí ilẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí ẹran bá ṣì wà níbẹ̀ tí àlàáfíà sì ń bẹ. Ẹ̀tọ́ náà ṣì wà títí dòní, nítorí pé àwọn ẹ̀yà Southern Ute àti Ute Mountain Ute, tí ilẹ̀ wọn ti sún sí ìsàlẹ̀ pátápátá ní ààlà New Mexico, ti bá ìpínlẹ̀ Colorado jókòó lórí bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọdẹ Ute kan máa tọ ẹsẹ̀ ẹran lórí òkè tí àlejò ilé ìtura ń gbádùn ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ ọdẹ náà sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó to ìtì igi kan lé èkejì ní Dunton.

Òfin tó ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Òfin Ìwakùsà tí wọ́n ṣe ní 1872, tí kò sì tíì kúrò nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ohun tí òfin náà sọ rọrùn gan-an. Ẹni tó bá rí kùsà lórí ilẹ̀ ìjọba lè gbá èèkàn sí igun ilẹ̀ náà kó sì fi orúkọ sílẹ̀ pé tòun ni; fún iṣan kùsà inú àpáta, ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn ju 1,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju 600 lọ, èyí tó jẹ́ bí 20 éékà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan lórí rẹ̀, tó sì san 5 dọ́là lórí éékà kọ̀ọ̀kan, ìjọba á fún un ní ìwé pé ilẹ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba, ó ti di tirẹ̀ títí láé. Bí kùsà bá tán, ilẹ̀ kò padà. Ọmọ lè jogún rẹ̀, ó ṣeé tà, ó sì ṣeé kọ́lé sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá wo àwòrán ilẹ̀ igbó ìjọba ní San Juan, yóò rí àwọn ègé ilẹ̀ àdáni tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dábùú ara wọn bí ìṣáná tó dà sílẹ̀. Láti 1994 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti dá fífún ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ dúró fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde. Ahoro tí igbó ìjọba yí ká jẹ́ ohun ìní tí owó rẹ̀ kò mọ níwọ̀n, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú tí olùdókòwò òde òní fi ń wò ó nìyẹn, ṣùgbọ́n awakùsà tó san 5 dọ́là kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Àdánìkanwà tí wọ́n ń ta lówó iyebíye lónìí, ìyà ni ó jẹ́ fún un, nítorí pé ìyàwó, dókítà àti ìyẹ̀fun ló jìnnà sí.

Ìparun àwọn ìlú wọ̀nyí yára. Ní 1890, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tó ní kí ilé ìṣúra máa ra ìwọ̀n fàdákà mílíọ̀nù 4.5 áúńsì lóṣooṣù. Òfin náà ló gbé iye tí wọ́n ń ta fàdákà ró. Gbogbo ìlú orí òkè ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ní 1893, ọ̀rọ̀ ajé dojú rú. Ìjọba Íńdíà ti ilé ìrọwó rẹ̀ mọ́ fàdákà ní oṣù Kẹfà ọdún náà, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, Ààrẹ Grover Cleveland fọwọ́ sí ìfagilé òfin 1890 náà. Owó fàdákà já wálẹ̀ gbì. Aspen, ìlú fàdákà kan ní Colorado, tó ní nǹkan bí 12,000 ènìyàn nígbà náà, tó ní iná mànàmáná, ilé eré àti òtẹ́ẹ̀lì Jerome tí wọ́n ṣí ní 1889, bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní àwọn ọdún 1930, kò ju nǹkan bí 700 ènìyàn tó ṣẹ́kù síbẹ̀. Àwọn ìlú tó ní wúrà, bíi Telluride, pẹ́ díẹ̀ sí i kí tiwọn tó dé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé àwọn tó ń polówó ibi ìsinmi wọ̀nyí kì í fẹ́ sọ ọ́ báyìí: òṣì ló pa àwọn ilé náà mọ́. Ní ìlú tí owó ń wọ̀, wọ́n máa ń wó ilé àtijọ́ kí wọ́n lè kọ́ tuntun sórí rẹ̀. Ní Aspen àti Telluride, kò sí ẹni tó ní owó ìwólé, áńbọ̀sìbọ́sí owó ìkọ́lé, nítorí náà, ilé bíríkì ọdún 1880 sí 1895 wà bó ṣe wà fún àádọ́ta ọdún, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ìtòlẹ́sẹẹsẹ òpópónà rẹ̀ pé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ àárín ìlú Telluride di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè ní 1961, ìlú tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n fi oyè náà dá lọ́lá.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí owó nínú irú òṣì bẹ́ẹ̀ ni Walter Paepcke, oníléeṣẹ́ páálí kan láti Chicago. Elizabeth, ìyàwó rẹ̀, ló ti mọ Aspen kí òun tó dé ibẹ̀ ní 1945. Paepcke ra ilé bíi mélòó kan, ó gba òtẹ́ẹ̀lì Jerome háyà, ó bá wọn dá ilé iṣẹ́ síkì, eré yíyọ̀ lórí òjò dídì, sílẹ̀ ní 1946, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ ìṣílé ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun òkè ní oṣù Kínní ọdún 1947. Ní 1949, ó pe àwọn onímọ̀ àti olórin wá síbẹ̀ láti ṣàjọ̀dún igba ọdún tí wọ́n bí akéwì Jámánì náà, Goethe. Albert Schweitzer, gbajúmọ̀ dókítà àti onímọ̀, gan-an wá. Láti ọjọ́ náà ni àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀: òjò dídì, orin, ìjíròrò àwọn ọ̀mọ̀wé àti ilé àtijọ́, pẹ̀lú owó tó ń ti ìlú ńlá wá. Telluride tẹ̀ lé e ní 1972, nígbà tí Joseph Zoline, oníṣòwò láti Beverly Hills, ṣí ibùdó síkì síbẹ̀. Àwọn awakùsà ṣì wà nínú ihò nígbà náà o. Ọdún 1978 ni iléeṣẹ́ Idarado ti ihò tirẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, awakùsà àti ọmọ ìlú ńlá tó wá yọ̀ lórí òjò dídì jọ ń ra búrẹ́dì ní òpópónà kan náà.

Iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ yẹ lẹ́ni tí ń wò, ó sì nira. Ahéré awakùsà kì í sábà ní ìpìlẹ̀. Wọ́n kàn máa ń gbé ìtì igi àkọ́kọ́ lé ilẹ̀ tàbí lé òkúta mẹ́rin, wọ́n á wá máa to èyí tó kù lé e lórí, wọ́n á gé igun wọn kí wọ́n lè há mọ́ra, wọ́n á sì fi amọ̀ tàbí ẹ̀là igi dí àárín wọn. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún òjò dídì, ìtì ìsàlẹ̀ á ti jẹrà di ìyẹ̀pẹ̀, èyí tó wà lókè á sì tún le bí irin. Iṣẹ́ àgbẹ́nàgbẹ́nà ni kó fi jáàkì gbé odindi ahéré náà sókè díẹ̀díẹ̀, ní igun kọ̀ọ̀kan, kó yọ ìtì tó jẹrà, kó fi òmíràn tó gbó tó ọjọ́ orí àwọn yòókù rọ́pò, kó tó sọ ahéré náà kalẹ̀ sórí ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ojú kò ní rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi páìpù omi gbígbóná sábẹ́ pákó ilẹ̀, wọ́n á fi wáyà sẹ́yìn ògiri, wọn á sì fi ibi ìwẹ̀ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀ nínú rẹ̀ rí. Bí iṣẹ́ bá parí, ó gbọdọ̀ dà bíi pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tún máa ń lọ tú ahéré mìíràn láti ahoro tó jìnnà, wọ́n á fún ìtì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á tún un tò síbi tuntun. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n abúlé tí wọ́n kó ilé rẹ̀ jọ láti abúlé mẹ́ta, ìtàn ta ni ó ń sọ?

Òfin owó orí ní èsì tirẹ̀ sí ìbéèrè yẹn. Ìjọba àpapọ̀ máa ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àtúnṣe kúrò nínú owó orí ẹni tó bá tún ilé ìtàn tí wọ́n fọwọ́ sí ṣe, bí ilé náà bá jẹ́ èyí tó ń pa owó wọlé. Òtẹ́ẹ̀lì lè rí ẹ̀dínwó yìí gbà, ilé tí ènìyàn ń gbé fúnra rẹ̀ kò lè rí i gbà. Ilé tí wọ́n sì gbé kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í sábà rí oyè ilé ìtàn gbà rárá. Nítorí náà, òfin fúnra rẹ̀ ń ti ilé àtijọ́ láti ọwọ́ onílé sí ọwọ́ onílé ìtura. Àwọn ìlú kan wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn olùdìbò Colorado gba tẹ́tẹ́ láàyè ní Black Hawk, Central City àti Cripple Creek ní 1990, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní 1991, pẹ̀lú àdéhùn pé apá kan nínú owó orí rẹ̀ yóò máa lọ sí àpò àtúnṣe ilé ìtàn káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Àpò náà ti tún ọ̀pọ̀ ilé ṣe níbòmíràn. Black Hawk fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá sábẹ́ àwọn ilé tẹ́tẹ́ gogoro. Ní California ẹ̀wẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ gba Bodie, ahoro ìlú awakùsà kan, ní 1962, ó sì pinnu pé òun kò ní tún un kọ́, òun kò sì ní jẹ́ kó wó: òrùlé tó bá ń jò ni wọ́n ń dí, àwo tó wà lórí tábìlì sì wà síbẹ̀ pẹ̀lú eruku rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, Bodie ni màá yàn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìpínlẹ̀ kan kò lè máa dí òrùlé gbogbo ahoro tó wà lórí òkè.

Iná jẹ́ ewu tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti ṣe. Ní 2018, àwọn olùdókòwò tí Brent Underwood ṣáájú wọn ra Cerro Gordo, ahoro ìlú fàdákà kan ní California, ní mílíọ̀nù 1.4 dọ́là, pẹ̀lú èrò láti gbàlejò níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì American tó wà níbẹ̀ láti 1871 ló yẹ kó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹfà 2020, iná jó o kanlẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2018 kan náà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú Colorado, wọ́n ti gbogbo igbó San Juan pa mọ́ aráàlú nítorí iná tó ń jó nítòsí Durango. Kò sí bí ilé ìtura ṣe lè gbówó lórí tó tí àlejò rẹ̀ máa gun òkè tí ìjọba bá ti tì pa.

Ọ̀rọ̀ tó ń fa ìbínú jù lọ lónìí kì í ṣe ti igi tàbí iná, bí kò ṣe ti ibi tí òṣìṣẹ́ yóò sùn. Ní Aspen, ilé àdáni tó ń lọ ní iye tó ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ kì í tún ṣe ìròyìn mọ́. Ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn, ẹni tó ń fọ abọ́, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń ti Glenwood Springs wọ bọ́ọ̀sì ní nǹkan bí 40 máìlì sísàlẹ̀ àfonífojì, àwọn mìíràn sì ń ti Rifle wá, ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aspen gbìyànjú jù ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí pé iléeṣẹ́ tí ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ Pitkin jọ dá sílẹ̀ ń bójú tó nǹkan bí 3,000 ilé tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ nìkan ló lè gbé inú wọn, ní owó tí agbára wọn ká. Síbẹ̀, àwọn tó ń dúró de ilé kì í tán.

Ibi tí owó irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń wá ṣàlàyé púpọ̀. Aspen ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó bá ra ilé tàbí ilẹ̀. Telluride ń gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìlú tí ilé kan ń lọ ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, owó ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1992, àwọn olùdìbò Colorado fi àtúnṣe kan sínú òfin ìpínlẹ̀ náà tó ka irú owó orí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti ìgbà náà lọ. Ìlú tó ti ní in tẹ́lẹ̀ ń bá a lọ. Ìlú tí ọrọ̀ rẹ̀ dé lẹ́yìn 1992 pàdánù rẹ̀. Bí ahoro kan bá di ibi ìsinmi olówó lónìí, tí owó ilẹ̀ àyíká rẹ̀ sì ga sókè, ìjọba ìbílẹ̀ kò ní irinṣẹ́ tí Aspen ní. Ní 2022, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin mìíràn, Proposition 123, tó ń yọ lára owó orí ìpínlẹ̀ fún ilé olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n gbogbo Colorado ló ń pín owó náà.

Ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá kì í sì í ṣe àlejò lórí òkè wọ̀nyí. Ní 1903 sí 1904, àwọn awakùsà Telluride daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Gómìnà rán ológun wá, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n lé wọn kúrò nílùú. Ní Park City, ìlú fàdákà àtijọ́ ní Utah, nǹkan bí 200 àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn lórí òkè síkì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2024, ní àkókò tí àlejò pọ̀ jù lọ́dún. Wọ́n ní 21 dọ́là fún wákàtí kan tí iléeṣẹ́ Vail Resorts fi ń bẹ̀rẹ̀ owó iṣẹ́ wọn kò tó gbé ìlú náà, 23 ni àwọn ń fẹ́. Àwọn àlejò tó ti sanwó ńlá tò lórí ìlà fún wákàtí pípẹ́ nítorí pé apá tó pọ̀ nínú òkè náà wà ní títì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kínní 2025, iléeṣẹ́ náà gbà. Kò sí ológun níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò yàtọ̀: ta ni ó lè gbé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́?

Abúlé àdáni tó dá wà bíi Dunton kò bọ́ sínú àríyànjiyàn yìí bákan náà. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ní láti wá ibùgbé fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nítòsí, nítorí pé ọ̀nà jìn, òjò dídì sì lè dí i. Ní ti èyí, ó sàn ju ìlú síkì lọ. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sùn sínú ilé ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni ilé náà bọ́, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ awakùsà tó sùn ní ilé iléeṣẹ́. Ní ìgbà ìwakùsà, abúlé onílé ìtì igi ní àwọn tó lè bá ọ̀gá jà nínú ìpàdé. Abúlé tó jẹ́ ilé ìtura ní àlejò àti òṣìṣẹ́ nìkan, kò sì sí ọmọ ìlú nínú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé kò sí ògiri tó lè fi í pamọ́. Àpáta tó ní wúrà àti fàdákà ní San Juan kún fún òkúta kan tó ń dán bíi wúrà, tó jẹ́ irin àti imí-ọjọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ilẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí awakùsà bá gbẹ́ ihò, tí atẹ́gùn àti omi wọlé, òkúta náà yóò di ásíìdì, ásíìdì náà yóò sì máa yọ òjé, síǹkì, bàbà àti kádímíọ̀mù kúrò lára àpáta. Omi tó ń jáde lẹ́nu ihò bẹ́ẹ̀ máa ń mọ́ bíi omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ nínú atẹ́gùn ni irin inú rẹ̀ máa ń ṣú jọ, tí gbogbo òkúta ìsàlẹ̀ odò yóò wá di aláwọ̀ ọsàn bíi pé ẹnì kan fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n. Àlejò kan lè yà á ní fọ́tò pé ó rẹwà. Kò sí ẹja níbẹ̀. Ibùdó ìwakùsà tí wọ́n pa tì tí Colorado kà tó nǹkan bí 23,000, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní olówó tí ẹnikẹ́ni lè pè lẹ́jọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ààbò àyíká ìjọba àpapọ̀ gbà ń fi katakata wa ẹnu ihò Gold King lókè Silverton, ìlú awakùsà àtijọ́ kan ní San Juan, kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀. Erùpẹ̀ tó dí ẹnu ihò náà já. Nǹkan bí mílíọ̀nù 3 gálọ́ọ̀nù omi tó ti bàjẹ́ ya sínú odò Cement Creek, ó wọ odò Animas, ó gba Durango kọjá pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn, ó dé New Mexico, ó wọ ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ mìíràn, ó dé Utah. Àgbẹ̀ Navajo tó ń bomi rin àgbàdo láti odò San Juan, tí Animas ń ṣàn wọ̀, ní láti dúró kó máa wo àgbàdo rẹ̀ bó ṣe ń rọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 31 dọ́là fún àwọn Navajo, ó sì gbà láti san 32 fún New Mexico.

Silverton fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ kí ìjọba tó kọ orúkọ àyíká rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tó bàjẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé arìnrìn-àjò kò ní fẹ́ sùn síbi tí ìjọba pè ní olóró, àti pé ilé wọn kò ní tà mọ́. Lẹ́yìn ìtújáde Gold King ni wọ́n gbà, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án 2016, ibi 48 ní agbègbè Bonita Peak wọ inú ìwé náà. N kò lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n kọ̀. Owó tí ìlú náà ń jẹ ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá wo òkè fún wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi kọ̀ náà ni omi fi ń kún lẹ́yìn erùpẹ̀.

Ohun tó mú kí àwọn tó fẹ́ ṣàtúnṣe máa sá ni pé òfin omi Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ kan omi ihò kan ti gba ẹ̀bi rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn apẹja, olówó tó ra ahoro, tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ń fẹ́ fi páìpù darí omi náà síbi tó dára lè di ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ títí láé nítorí ìbàjẹ́ tí awakùsà ọdún 1890 ṣe. Ó tó bí ogún ọdún tí wọ́n fi ń gbé àbá láti tún un ṣe wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní oṣù Kejìlá 2024 ni òfin kan jáde níkẹyìn tó dáàbò bo ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú ìbàjẹ́ náà bó bá gba ìwé àṣẹ. Ọdún méje ni òfin náà fi ṣe ìdánwò, iṣẹ́ 15 péré ló sì gbà láàyè ní gbogbo Amẹ́ríkà.